Omi Ìwòpin Tí Ọ̀gá Mi Ní Kò Sí Ẹ̀mí Nínú Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mo ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa dárí jini. Mo gbọ́. Mo ń gbìyànjú.

Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń jókòó sí bí áńgẹ́lì. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, torí bó ṣe fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun nìyẹn, títí kan ìyàwó rẹ̀ nínú ilé!

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí kànga lásán kò lè dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọn kì í rí oòrùn, tí wọn kì í mí afẹ́fẹ́. Irin, imí-ọjọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wà nínú omi àti òkúta ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró. Mo fẹ́ mọ ohun tí ooru, iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ ń ṣe fún wọn. Bóhóòlù jíjìn kan wà lẹ́bàá Ìwòpin, omi rẹ̀ máa ń rùn díẹ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn dùn mọ́ mi bíi lọ́fínńdà!

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun fúnra òun ni yóò lọ bu omi náà. Ó bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lanu sílẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, oòrùn ń ta sí i. Kò wá ya Òkè-Àgbò kí àwọn àna rẹ̀? Ta ló máa dé ilé àna ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n á jẹ́ kó lọ láìjẹun? Ọ̀gá jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó jẹ ẹja, ó sùn díẹ̀. Omi mi wà níta.

Nígbà tó dé láàbù, ó da omi náà sínú àwo, ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó gbóná bí ara èèyàn. Nǹkan kan kò hù. Ó ní, “Màdáàmù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti kú.”

Mo ní, “Sà, tí a bá kó ẹja jáde nínú odò, tí a tẹ́ ẹ sórí títì, ṣé a lè wá ní kò sẹ́ja nínú odò?”

Ó wò mí láti orí gíláàsì rẹ̀. Ó ní ṣé mo ti rí ẹ̀dá tí kì í mí rí nílé bàbá mi ni. Àwọn olùkọ́ yòókù rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in dáadáa, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìgbéga wọn wà.

Ẹ jẹ́ kó yé yín o: ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lórí iṣẹ́ mi. Tí kò bá sí ohun alààyè nínú omi yẹn, kò síṣẹ́, kò sóyè nìyẹn. N óò kàn padà sí girama, n óò máa kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ̀wà ṣe ń hù nínú òwú.

Ohun tí mo nílò ni láti gbé omi náà wá kí afẹ́fẹ́ má kàn án. Gáàsì kan wà tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò. Nígbà tí mo béèrè, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ti tán. Sìlíńdà gáàsì ọ̀hún wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń fi kóòtù kọ́ sí!

Bí mo ṣe rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn, Màmá Ìlápòrú. Aládùúrà paraku ni, àwa sì jẹ́ ọmọ Áńgílíkà tó máa ń fi omi àdúrà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Inú agbada omi ni Màmá ti ń ri ìgò mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi hó jáde tán, inú omi náà ni yóò ti dé e, yóò wá yọ́ àbẹ́là sí ẹnu rẹ̀. Ó ní èémí èèyàn kò gbọdọ̀ kàn án, bí ó bá kàn án, ó ti di omi mímu lásán.

Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi dé Ìwòpin.”

“Ọ̀mọ̀wé! Yunifásítì ti wá ń gbàdúrà?”

“Rárá, Màmá. Gáàsì ni wọn ò fún mi.”

“Gáàsì ìdáná?”

“Kì í ṣe tìdáná, Màmá.”

“Ẹ̀ẹ́n. Mi ò bi ọ́ mọ́.”

Ní Ìwòpin, ó kọ̀ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí òun bá kọrin tán. Kí n tó ṣẹ́jú, obìnrin kan ti gbé ọmọ rẹ̀ wá fún àdúrà! Ṣùgbọ́n a rọ omi kún ìgò wa dáadáa bí Màmá ṣe máa ń ṣe é. Mo fi ìṣó àti oúnjẹ díẹ̀ fún àwọn kòkòrò náà sínú gbogbo wọn. Mo kọ́kọ́ se omi àwọn kan. Mo fi iyọ̀ sí òmíràn. Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ òmíràn. Gbogbo wọn yàtọ̀ sí ti afẹ́fẹ́ la fi àbẹ́là dí, tí a sì fi aṣọ dúdú wé.

Nígbà tó yá, àwọn tí mo fi síbi tí ooru rẹ̀ rí bí ti inú ilẹ̀ dúdú bí èédú. Àwọn oníyọ̀ ń fà lẹ́yìn. Àwọn tí mo gbé sínú ooru gan-an kò yí padà. Ìṣó inú èyí tó rí afẹ́fẹ́ kàn dípẹtà ni. Èyí tí mo sè mọ́ kedere. Ṣé òkú ló ń yan ibi tó wù ú báyìí?

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí àbẹ́là lẹ́nu ìgò, ẹ̀rín pa á. “Wòlíì obìnrin! Ṣé inú láàbù mi lẹ fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ sí?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn wò ó láìṣí i. Ó ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í gba ohun tí wọ́n dé lẹ́nu gbọ́. Ó mú ọ̀bẹ.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ máa pa wọ́n!”

Ó ní gbogbo rẹ̀ pátá lòun máa ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Ẹ ò rí olódodo èèyàn!

Ó ṣí èyí tó dúdú jù. Háà! Òórùn yẹn kò dúró gba àṣẹ. Olùkọ́ tó bá a rẹ́rìn-ín jù ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró ní tirẹ̀, ó di ìgò mú, omi ń jáde lójú rẹ̀, ìgbéraga kò jẹ́ kó gbé e sílẹ̀. Ó tún ṣí òmíràn. Ó ṣí èyí tí mo sè, kò rùn. Ó gbé ti afẹ́fẹ́ sí imú, kò rùn.

Bàbá olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ń bi mí léèrè nípa ìgò kọ̀ọ̀kan, mo ń dá a lóhùn. Ó wá kọjú sí ọ̀gá mi.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá ìyáàfin parí àlàyé.”

Abẹ́ igi níta ni wọ́n ti fún mi lóyè náà, torí yàrá kò ṣeé wọ̀. Àwọn kòkòrò tí mo fẹ́ fi tẹ̀ síwájú kú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n jẹ́rìí gbè mí tán, ọ̀gá sì pa wọ́n.

Níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó sọ nípa ìwádìí ńlá tí “èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan” ṣe ní Ìwòpin. Kan! Mo jókòó sí ìlà kejì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí èèyàn tó sọ pé kò sí ẹ̀mí níbì kan, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ọwọ́ òun ló pa á lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀gá wo ló fẹ́ dójú tì yín tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbè yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà. Ẹ má dárúkọ wọn o, kò dáa. Ẹ ṣáà júwe wọn dáadáa.