Mọ́tò Tó Kún Lórí Fóònù

Ànúolúwapọ̀ Ṣóbándé kò ní mọ́tò. Síbẹ̀, ìdí mọ́tò ló ti ń jẹun.

Ṣàngó-Ọ̀tà ni wọ́n bí i sí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀ ti wá; ó ń ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ fún àwọn iléeṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ànú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kékeré. Bí rédíò bá bàjẹ́ nílé, òun ni yóò tú u. Àwọn rédíò kan wà tí wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike. Níbẹ̀ ló ti kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀gá yìn ín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba yàrá kan tó fi ṣe ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja dídì nítòsí Ṣàngó Toll Gate, òun àti Olúwayẹ́misí, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ kàwé, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Òórùn ẹja ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò wọn káàbọ̀.

Kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alápòtí, á jókòó sábẹ́ igi kan, á jẹ gúgúrú, á padà wálé. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló lọ ṣe, á ní òun lọ gun kẹ̀kẹ́ ni.

Nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ń hù l'Ọ́tà bí olú, yunifásítì sì ń tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mọ́tò kì í tó. Àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ àti àwọn tó múra ìsìn á jọ máa du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ànú rò ó pé bí èèyàn bá lè ti ilé fi fóònù gba àyè, ìjà á tán. Ó kọ ètò náà, ó sọ ọ́ ní Àyèwà, ó sì tọ Alàájì Bàdírù lọ.

Bàdírù ló ní mọ́tò jù lójú ọ̀nà náà. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọjọ́ Àìkú ju ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì lọ.

"Gbìyànjú ẹ̀ wò, ọmọ Ìjẹ̀bú," ó ní. "Tí mọ́tò mi bá fi lè rìn lófìfo, wàá gbé nǹkan ẹ kúrò o."

Ní Àìkú àkọ́kọ́, gbogbo mọ́tò kún lórí fóònù. Wọ́n dá àwọn tó dúró ní gáréèjì padà. Mọ́tò gbéra, ìdajì àga ṣófo. Bàdírù na ìka sí àga kan tó ṣófo.

"Ànú, ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn? Àǹjọ̀nú?"

Yẹ́misí pe àwọn tó gba àyè. Obìnrin kan ní mẹ́rin lòun gbà: tòun, tọkọ òun, tọ̀rẹ́ òun, àti ti àbúrò ọ̀rẹ́ òun, bó bá ṣe pé yóò wá. Ànú gbé orí sọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: Bíbélì lórí àga kan, ìborùn lórí ìkejì. Ó yẹ kó mọ̀. Àyè tí ìyá rẹ̀ gbà dè é lòun náà ti ń jókòó láti kékeré.

Ó wá ní kí oníkálukú tẹ "Mo ń bọ̀" kí mọ́tò tó gbéra. Gbogbo wọn ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà lórí ibùsùn, àwọn kan wà ní balùwẹ̀. Mọ́tò tún rìn lófìfo.

"Ó parí," Bàdírù ní.

Ànú dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé iléeṣẹ́ ike kò tíì ti ilẹ̀kùn. Yẹ́misí náà ti ń dá àwọn tó ń pè é síṣẹ́ níbòmíràn lóhùn. Bí Bàdírù bá kọ̀, kò sí Àyèwà mọ́.

"Mọ́tò kan, Sọ́ńdè kan," Bàdírù ní. "Ìwọ fúnra ẹ lo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tí àga kan bá ṣófo, ká má rí ara wa mọ́."

Ànú tún ètò náà kọ: fóònù kan, àga kan, ẹni tí kò bá sí lórí àga rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ṣíná mọ́tò, ó ti pàdánù rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Bàdírù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìyá Ànú wọlé, ó jókòó, ó sì tẹ́ ìborùn sórí àga kejì. Òṣìṣẹ́ kan tó ti iṣẹ́ òru bọ̀ dúró tì í, fóònù lọ́wọ́. Òun ló gba àga náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìborùn yín."

"Ìyá Ṣẹ́gun ló ni ibẹ̀."

"Ṣé wọ́n fi fóònù gbà á?"

"Fóònù wo? Ó ń bọ̀."

Èrò rẹ́rìn-ín. Bàdírù kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Màámi."

"Ànúolúwapọ̀! Èmi tí mo ti ń gbàyè dè ọ́ látìgbà tí o kò tíì lè rìn?"

Ànú kúnlẹ̀ láàárín àga. Ó ká ìborùn náà, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lórí itan. Òṣìṣẹ́ náà jókòó, oorun sì gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orí rẹ̀ ń yẹ̀ sí èjìká ìyá náà, ìyàwó oníyàwó.

"Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Ìyá Ṣẹ́gun," ìyá ní. Ó kọjú sí fèrèsé.

Àga kún. Ànú jókòó sórí èyí tó kù lẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀. Awakọ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò nígbà tí ọmọ yunifásítì kan sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gba àyè!" Ó na fóònù rẹ̀ síta. Òótọ́ ni.

Bàdírù yíjú padà. Ó wo àga títí dé ẹ̀yìn. Kò sí èyí tó ṣófo.

"Ìwọ ńkọ́, Ànú? Fóònù wo lo fi gba tìẹ?"

Ànú kò gba àyè kankan. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

"Dá Alàájì lóhùn, ọ̀gá," ìyá rẹ̀ ní láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá fi mọ́tò méjì kún un," Bàdírù ní. "Dìde fún un."

Ànú dìde, ó sì sọ̀ kalẹ̀.