Ilẹ̀ Olómi

Ilẹ̀ wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àṣejù ló gbé èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ nínú àpò. Ilé tí a kọ́ sí Kétu ní àyè níwájú, ó ní i lẹ́yìn. Ọkọ mi ló ń dá oko síbẹ̀: ilá, ata, àti ìdí ewúro mẹ́ta tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni omi ń wọlé bá wa nígbà òjò. Nígbà tó di ọdún tí omi náà gun orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ wa dáwó jọ, wọ́n ní kí wọ́n kó yanrìn kún gbogbo àgbàlá, kí wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Omi kò wọlé mọ́ láti ìgbà náà. Àmọ́ kò sí ibi tí èèyàn lè ti ọkọ́ bọlẹ̀ mọ́ nínú ilé wa.

Ilá àti ata kò ká ọkọ mi lára. Ewúro yẹn ló ká a lára. Nígbà tí ẹbí wọn ta ilé ìyá wọn lápá Ọ̀yọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú àga, wọ́n mú àpótí, wọ́n pín ìkòkò. Òun lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gé igi ewúro mẹ́ta níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń já a, ó fi aṣọ tútù wé e, ó sì gbé e lé itan nínú mọ́tò títí ó fi dé Kétu. Ó hù. A sì jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ń jẹ ẹ́, á ní ọbẹ̀ ìyá òun ni òun ń jẹ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dúró nídìí iná. N kì í bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Kí wọ́n tó da kọnkéré náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ra lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó yanrìn wọlé. Mo ní kí wọ́n bá mi hú ewúro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tìdítìdí, kí wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike ọ̀dà tó ti ṣófo. Ilẹ̀ tó bá wọn wá kò kún ìdajì ike. Ọkọ mi wo àwọn ike náà títí. Ó wá pè mí. Tíṣà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

“Tíṣà,” ó ní, “ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà o.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tí màá rà nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àti oògùn kòkòrò ní Ìkòsì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ tiwọn wà nínú ọ̀rá dídán tó ní àwòrán òdòdó lára. Ó fúyẹ́ bí ìrọ̀rí. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ ni, àti àwọn nǹkan mìíràn tí òun náà kò mọ̀. Nígbà tó dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á, mo bi í bóyá owó ọ̀rá mẹ́ta ni. Ó ní rárá mà, ẹyọ kan ni. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń ná, oògùn ọkọ mi ló sì ń kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo wá yà sí, níbi tí àwọn tó ń ta òdòdó pàtẹ sí. Ọkùnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó dé fìlà, ló dá mi lóhùn. Òkìtì ilẹ̀ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: pupa kan, ọ̀kan tó dà bí àwọ̀ ìrèké gbígbẹ tí wọ́n ti po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́, àti dúdú kan. Ojú tíṣà ni mo fi wò wọ́n. Èyí tó dúdú yìí ń dán, ó tutù, kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀. Ìdajì owó èyí tí wọ́n po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ni wọ́n sì ń tà á. Ọdún mélòó ni mo fi kọ ọ́ sójú pátákó pé ilẹ̀ tó bá dúdú ni ilẹ̀ ọlọ́ràá? Mo fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kan nínú àwọn àpò rẹ̀ tí wọ́n ti dì sílẹ̀.

“Irú ilẹ̀ wo nìyí?”

“Olómi ni, Mummy.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí ná. Lóòmì ni àwọn òyìnbó ń pe ilẹ̀ ọlọ́ràá, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Kò sí ọdún kan tí àwọn ọmọ kò pè é ní olómi. Wọ́n á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò, àwọn kan á tilẹ̀ ṣàlàyé pé ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ ni. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè rí i lójú àlá. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin yìí, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn pàdé ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́.

“Kì í ṣe olómi,” mo ní. “Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lóòmì. Ìparí rẹ̀ á wálẹ̀. Pè é kí n gbọ́.”

Ó wo àpò ilẹ̀ náà, ó wo ojú mi. Ó bọ́ fìlà, ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ọmọ kíláàsì kẹta, ó ní, “Lóòmì, mà.” Obìnrin tó ń ta ìkòkò òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí òun ti ń sọ ọ́ pé ilé ìwé ló kù fún un, kí Mummy kúkú ra yúnífọ́ọ̀mù fún un. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tún la ẹnu, ó ní, “Ṣùgbọ́n Mummy, òjò…” Ojú ọjọ́ ti ṣú díẹ̀ nígbà náà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo ní mo mọ̀ pé òjò ń bọ̀, kó tètè bá mi pe kẹ̀kẹ́. Ó pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò ilẹ̀ dúdú mẹ́ta tí mo rà sínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo bu ilẹ̀ náà kún àwọn ike yẹn. Ọkọ mi jókòó tì mí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ilẹ̀ náà rẹwà. Abẹ́ òrùlé ni mo tò wọ́n sí, kí òjò àkọ́rọ̀ má baà ya ewé wọn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó rí bí ìwé tí iná lá létí. Mo rò pé òǹgbẹ ni, mo bu omi sí i. Ewé ń já. Nǹkan funfun kan bí ìyẹ̀fun wá yọ sójú ilẹ̀ náà, mo fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá a kúrò. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ mi kò jáde, nítorí ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá béèrè ewúro, mo máa ń ní wọ́n wà. Mo gbé wọn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí kò ti lè rí wọn láti fèrèsé rẹ̀, mo sì sọ fún un pé oòrùn ló pọ̀ jù níwájú.

Ọjọ́ tí mo rí i pé méjì ti kú pátápátá, mo bu ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá, mo gbéra, mo lọ bá ọkùnrin yẹn. Mo bá a wí. Mo sọ pé ó tàn mí jẹ, mo sọ pé àgbàlagbà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn tí n kò ní kọ síbí. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mummy, mo sọ fún yín,” ó ní. “Mo ní olómi ni. Inú omi ni wọ́n ti ń kó o wá, lápá Agboyi, lára ẹrẹ̀ tí àwọn tó ń wa yanrìn ń kó sápá kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà máa ń gòkè wọ inú odò, ilẹ̀ náà á wá mu iyọ̀. Òjò gbọ́dọ̀ pa á fún odindi sáà kan kó tó ṣe é gbin nǹkan sí. Ìdí tó fi pọ̀ọ́kú nìyẹn. Àwọn tó ń dí kòtò ló ń rà á.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà.

Kò wo ojú mi. “Ẹ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní tíṣà ni yín.”

Àwọn ọmọ tí mo kọ́, èyí tó bá dákẹ́ tí mo bá ń tọ́ ọ sọ́nà ni mo máa ń yìn. Èyí tó bá ní “ṣùgbọ́n, mà,” mo máa ń ní kó jókòó. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ibì kan ni wọ́n ti kọ́ òun náà bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ òjò fún mi, mo sì dá a dúró.

Ó ní kí n fi ilẹ̀ tí mo mú wá kan ahọ́n. Mo fi kàn án. Iyọ̀ ni lóòótọ́.

Ó wá kọ́ mi. Ó ní kí n tó béèrè iye tí ilẹ̀ jẹ́, kí n béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Kí n ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe òkè, kí n gbóòórùn rẹ̀: ilẹ̀ tó dára ń rùn bí oko lẹ́yìn òjò, èyí tó bá ń rùn bí ẹrẹ̀ tàbí ẹyin tó bàjẹ́, kí n fi í sílẹ̀. Kí n bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí n fún un pọ̀, kó dì, kí n sì fi ìka tọ́ ọ, kó tú. Bí ìgbẹ́ adìyẹ inú rẹ̀ bá ṣì ń móoru, á jó gbòǹgbò. Ó ní èyí tó ní àwọ̀ ìrèké yẹn ni kí n mú, ṣùgbọ́n kí n má fi òun nìkan kún ike, kí n po yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti jẹrà mọ́ ọn, àpò kan á sì tó ike méjì. Ká ní mo ti béèrè bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kì bá tí wọ́n jù fún mi rárá. Mo rà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó ní kò sí wàhálà, Mummy. Ó ti bọ́ fìlà kó tó sọ ọ́.

Mo gba ọjà Mile 12 kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ewúro tẹ̀ka tẹ̀ka, mo sì yan ọ̀kan tí igi rẹ̀ nípọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ewúro ni ewúro ń jẹ́. Ojú ọkọ mi kò ríran tó bí ti tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

Nílé, mo fi ọ̀bẹ ha èèpo èyí tó kù nínú ewúro ìyá rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì tutù, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo gé e níbẹ̀, mo gbìn ín sínú ilẹ̀ tuntun. Mo gbin ti ọjà náà sínú ike kejì. Mo ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti inú yàrá.

“Tíṣà, ewúro ìyá mi ń kọ́?”

“Wọ́n wà,” mo ní.

Ohùn tí mo fi ń dáhùn àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà iléèwé ni mo fi sọ ọ́. Ó dá mi lóhùn pé ó dáa, ó sì dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán lọ lẹ́nu mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ tí mo tún ṣe tí kò yẹ ní títúnṣe, méjì tó kú, àti èyí tí mo rà ní ọjà.

Ó yí ojú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì bá mi sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mo fún un ní oògùn, ó gbé e mì. Ọjọ́ kẹta ló ní kí a gbé òun jáde. Èmi àti ayálégbé wa kan gbé e tàga tàga lọ sẹ́yìn ilé.

Ó fi èékánná ọwọ́ òsì ha igi kékeré yẹn. Ó gbẹ látòkè délẹ̀.

“Ó ti lọ,” ó ní.

Mo ní Daddy, ẹ má bínú. Ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà.

“Pé ó kú kọ́ ló dùn mí. O ní wọ́n wà.”

Ó tọ́ka sí ike kejì, ó ní kí n gbé e súnmọ́ òun. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó bi mí bóyá ó korò. Mo já ewé kan, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, mo ní ó korò dáadáa. Ó mi orí. Ó na ọwọ́ òsì sínú ike, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ mọ́ igi náà nídìí, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ojú ilẹ̀ náà fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Kò yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́. Mo dúró tì í, mo di ike náà mú kó má baà yí, mo sì pa ẹnu mọ́.