Orí Ẹ̀yà Kan, Ìrù Ẹ̀yà Kejì

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò ìyàwó mi wọ yàrá ìwádìí, bírò lásán ló fi kọ nọ́ńbà sára àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó fi sípíríìtì nù wọ́n, gbogbo nọ́ńbà náà pa rẹ́. Láti ìgbà náà ni kì í ti í fọkàn tán ohun tí kò bá yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Àǹtí Tún-un-wò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo bí ẹ̀yà kòkòrò HIV ṣe yàtọ̀ síra. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní kòkòrò éèdì, kò tọ̀nà. Éèdì ni àìsàn tí kòkòrò náà ń fà bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Kòkòrò náà kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ọmọbìnrin kan dé síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í padé. Àǹtí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín yìí ló rí kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kan, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kejì. Kì í ṣe orí àti ìrù bíi ti ẹja o. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ ni mò ń wí. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé bí ẹ̀yà méjì bá pàdé nínú ara ẹnì kan. Ọ̀gá wọn bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní ọmọ náà ni yóò lọ sọ ọ́ níbi àpérò lókè òkun. Ó ti pẹ́ tí Àǹtí ti ń dọdẹ àpérò yẹn.

Ó gbé ìbínú rẹ̀ wá sílé wa.

"Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́! Ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì ló dà pọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló dọ̀tí."

"Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ló dọ̀tí ni, àbí ojú ló ń ta ẹ́?" ìyàwó mi bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jowú ẹnikẹ́ni o!"

"Mo dárúkọ owú ni?"

Ó lọ bá ọ̀gá, ó ní àṣìṣe ni.

"Tún un wò nígbà náà," ọ̀gá dáhùn. "Tó bá jẹ́ àṣìṣe, ìwọ ni wàá lọ sí àpérò náà."

Wọ́n pe aláìsàn náà padà, ó sì gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Àǹtí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń ṣa aṣọ tí yóò wọ̀ lọ. Nígbà tí èsì jáde lórí kọ̀ǹpútà, orí ẹ̀yà kan ni, ìrù ẹ̀yà kejì. Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí Ẹlẹ́rìn-ín rí rárá.

Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó lè ní ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò já a nírọ́. Ó tẹ èsì náà sórí ìwé, ó gbé e síwájú ọ̀gá láìjókòó.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Àmọ́ àkọlé tí ọmọ náà fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gùn jù."

Ẹlẹ́rìn-ín fò mọ́ ọn. "Àǹtí, ẹ ṣeun! Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni ìbá gbà mí gbọ́?"

Àǹtí sọ fún wa pé ọpẹ́ yẹn dun òun ju èébú lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọ bàálù, Àǹtí kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ibòmíràn. Ìyàwó mi ní ìwà ọmọdé ni. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín yẹn ni kò lè máa wò mọ́.

Níbi tí a gbọ́ kẹ́yìn, ó wà ní yàrá ìwádìí kékeré kan ní ilé ìwòsàn ẹ̀gbẹ́ èbúté, ó ń yẹ ẹ̀yà HIV wò, òun nìkan nídìí tábìlì.