Tábìlì Óòkù Tí Mo Fi Apá Kàn

Òórùn pólíìṣì àti ìyẹ̀fun pákó ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòtún, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn náà á wọ aṣọ, á wọ irun, kódà á bá èèyàn dé ìdí oúnjẹ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ ìyá tíṣà kan àti tábìlì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà. Ọ̀gá mi fún mi ní pákó apá mélòó kan kí n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ apá ṣe rí láàárín wa: igi tó le, tí ikán kì í fẹ́ rí sójú, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn àjẹ́ ló ni ín. Oníbàárà méjì ti sá nítorí rẹ̀. Mo ti pinnu pé bí ẹnì kẹta bá tún sá, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá padà lọ gba iṣẹ́ òòjọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi.

Ẹnì kẹta náà ni ìyá tíṣà, obìnrin Oǹdó tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé ní fàráńdà rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó fẹ́ tábìlì gígùn tí ọmọ mẹ́jọ lè jókòó yí ká. "Óòkù ni kó jẹ́ o," ló wí. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń kọ́ni lóun ti ń ka óòkù sétí àwọn ọmọ nínú ìwé òyìnbó: ilẹ̀kùn óòkù, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi óòkù kàn, bàbá arúgbó tó le bí óòkù, òun ò sì fojú rí i rí. Mo mọ̀ dájú pé igi òkèèrè ni, pé kò sí lọ́jà pákó kankan tí mo mọ̀. Àmọ́ àwọ̀ pólíìṣì kan wà tí àwa káfíńtà ń pè ní óòkù. Mo ní, "Kò burú, Mà." Bí mo ṣe fẹnu kó bá ara mi nìyẹn.

Mo fara balẹ̀ fi pákó apá mi kan tábìlì náà. Mo fi pólíìṣì óòkù yẹn pa á látòkè délẹ̀, mo tún dojú rẹ̀ dé, mo pa abẹ́ rẹ̀ náà, kí àwọ̀ pupa apá má baà yọ níbì kankan.

Lọ́jọ́ tó wá wò ó, ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi ṣe tíṣà ló fi ń wo abẹ́ tábìlì, níbi táwọn ọmọ ń lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́.

"Káfíńtà, mi ò rí i rí kí wọ́n kun abẹ́ tábìlì. Kí lo fi pa mọ́ síbẹ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Àmọ́ ó ń wò mí bí ẹni tó ti gbà pé màá sọ òótọ́, mi ò sì lè já a kulẹ̀. "Mà, ẹ má bínú. Kì í ṣe óòkù. Apá ni."

Mo ń retí kó gbé báàgì rẹ̀, kó máa lọ. Ó jókòó sórí àga tí mo ń tún ṣe lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Apá? Orí bẹ́ẹ̀dì apá ni ìyá mi bí gbogbo wa sí l'Óǹdó. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì wà. Irọ́ tó o fẹ́ pa fún mi ló dùn mí, kì í ṣe igi. Lọ bó àwọ̀ yẹn kúrò jàre, jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bó o, tèmi tìfági. Bí pupa igi náà ṣe ń yọ, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo gbé e dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó pe àwọn ọmọ jọ. "Óòkù ni igi tí àwọn òyìnbó fi ń sọ̀rọ̀ agbára nílùú tiwọn," ló wí. "Tiwa rèé. Ẹ fọwọ́ kàn án." Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn ló di oníbàárà mi.

Láti ìgbà náà, mi ò kun abẹ́ tábìlì mọ́, pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ orúkọ igi síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí ìyá tíṣà láìpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì yẹn. Ọ̀rọ̀ náà "Apá" tí mo fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀ kí n tó gbé e wá ṣì wà níbẹ̀, ẹnì kan ti lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé àwọn èèyàn ni kò fẹ́ igi mi, àṣé èmi gan-an náà ti kọ̀ ọ́ nígbà tí mo fi àwọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.