Apá Ọ̀tún Ni Wọ́n Ní Kí N Máa Wò

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àbúrò mi ọkùnrin gbé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn: kí n máa wo apá ọ̀tún. Òun ló ń wa bàálù kékeré fún ọ̀gá kan tó ní ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n, bàálù oníjókòó mẹ́rin tí inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti mọ́tò mi lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ̀ǹda pé kó fi gbé Màmá wa fò lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń sọ pé àwọn fẹ́ rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Ajah láti òkè kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ká tó gbéra ní Ìkẹjà, àbúrò mi ṣàlàyé fún mi bíi pé mo fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó ní rédíò wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fò ló máa ń sọ ibi tó wà, ojú sì ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tó bá ń rìn kọjá lójú fèrèsé kò ní kàn wá. Èyí tó bá dúró sójú kan, tó sì ń tóbi sí i, òun ló ń bọ̀ wá bá wa.

"Àǹtí mi, ẹ má dúró wò ó bóyá ẹyẹ ni," ó ní. "Ẹ ṣáà ti sọ̀rọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí ẹ̀rù ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bà, èmi náà ni wọ́n fi ṣọ́ ojú ọ̀run.

Màmá jókòó sẹ́yìn mi nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, torí wọn kì í wọ bàtà mọ́ sùtánà. Nígbà tá a dé òkè Ajah, a rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà nítòsí Thomas Estate. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ibi tín-ń-tín yìí náà ni gbogbo ariwo àwọn ti ń jáde. A wá tọ etí òkun lọ sí ọ̀nà Lẹ́kkí Free Zone. Àbúrò mi ń wo apá òsì, ó ń tẹ́tí sí rédíò. Lójijì ni Màmá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ dijú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ojú mi dé fúnra rẹ̀. Àṣà àtikékeré ni. Nílé wa, ọmọ tó bá lajú nínú àdúrà yóò jẹ ìfọ́tí lẹ́yìn àmín, a ò sì béèrè rí bí Màmá ṣe ń mọ̀. Ìgbà tí wọ́n dárúkọ mi nínú àdúrà náà ni mo rántí iṣẹ́ mi, mo sì lajú.

Bàálù funfun kan wà nínú fèrèsé mi. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó kàn ń tóbi ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi kọ̀. Àfi bí mo ṣe ń lu àbúrò mi lórúnkún. Ó bojú wo ọ̀tún, ó sì ti imú bàálù wa sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàálù yẹn gba orí wa kọjá. Mo rí epo dúdú tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Màmá ní àmín.

Nígbà tá a balẹ̀, àbúrò mi pa ẹ́ńjìnnì. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rí i. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Irọ́ ni, mi ò sì mọ bí màá ṣe kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ó ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́dọ̀ mi, a jẹ́ pé iwájú òun ló gbà wọlé tí òun ò rí i; láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ojú òun ló bàjẹ́. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe ojú rẹ̀, kò gbà. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò wa bàálù mọ́. Màá lọ kí i, màá jókòó tì í, ojú á máa tì mí, màá sì tún padà sílé láìsọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màmá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dìde, mo dìde. Nígbà tí wọ́n pe àdúrà, ojú mi kọ̀, kò dé. Mo wo ọ̀dọ̀ Màmá. Ojú wọn là kedere, èmi ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nígbà tá a wà ní kékeré nìyẹn.

Bá a ṣe ń rìn lọ sílé, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí bàálù yẹn lọ́jọ́ náà.

"Mo rí i kó o tó rí i," wọ́n ní. "Kí ni mo mọ̀ nípa bàálù? Mo rò pé ó ti parí fún wa. Mo ní kẹ́ ẹ dijú kẹ́ ẹ má baà rí i."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún àbúrò mi. Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà ni mo tún sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.