Orogún Mi Tó Wà Lójú Fèrèsé

Orogún ni mo máa ń pe ìgò náà. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí l'Ọ́fà, kì í kí mi láàárọ̀ kó tó lọ wò ó lójú fèrèsé. Omi pupa ló wà nínú rẹ̀. Ewé ọkà bàbà tó rà lọ́jà Ojoku ló sè nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi, kò tilẹ̀ tọrọ, tó wá da ẹ̀tù funfun kan mọ́ ọn. Ó ní omi pupa náà, tó ń pè ní aró, á máa gbá ìmọ́lẹ̀ oòrùn mú, agbára rẹ̀ á sì máa yọ gáàsì háídírójìn jáde lára omi. Gáàsì yẹn ló ń hó wínníwínní nínú ìgò.

Lọ́jọ́ kan, ó gba díẹ̀ sínú túùbù, ó ṣáná sí i. Ó dún pọ́. Mo bi í pé ṣé èyí ni yóò se ìrẹsì. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Kí n tó fẹ̀yìn tì," ló wí, "oòrùn ni yóò máa se tíì fún ẹ. O ò ní wúkọ́ èéfín mọ́."

Ohun tó ń dùn ún ni pé oòrùn yìí kan náà ló ń mú aró ṣá. Ó ń wá èyí tí kò ní ṣá.

Ibi iṣẹ́ ló kú sí. Wọ́n kàn gbé e wálé fún mi ni. Mo wọ aṣọ opó, omi ò sì bọ́ lójú mi, àwọn èèyàn ti ń fi mí sọ̀rọ̀. Gbígbé ìgò yẹn tẹ̀lé oòrùn nìkan ni mo rí ṣe: láàárọ̀, ojú fèrèsé, lọ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe máa ń ní kí n ṣe tí kò bá sí nílé. Ó ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń hó. Mo mọ̀ pé yóò dákẹ́. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ tó bá ń dákẹ́, torí mi ò sí lọ́dọ̀ ọkọ mi nígbà tó kú.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọlé bá mi, wọ́n ń fi ìró nu ọwọ́.

"Ìyàwó wa, mo ti bá ẹ da sobo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nù. Ó ti kan, ó ti ń hó. Mo ti fọ ìgò ẹ̀."

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Àbúrò wọn ló kú. Mo ní wọ́n ṣeun, mo sì bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin tó yí mi ká ní kí wọ́n jẹ́ kí n sunkún, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n rò pé ẹni tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń sunkún rẹ̀. Lójú tèmi, ìsinsìnyí ló tún kú, mi ò sì tún sí níbẹ̀.