Ebè Méje ní Sokodé

Ilé ló rán mi lọ. Ọmọbìnrin tí àbúrò mi bí fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ ní Sokodé, ó ní iṣẹ́ ọnà lòun ń ṣe báyìí, pé olówó kan ti gba iṣẹ́ òun sí musée, ilé tó kọ́ sínú ọgbà rẹ̀ láti máa kó iṣẹ́ ọnà òde òní sí. Àwọn ará ilé ní Kambolé ní, "Ìwọ lo gbọ́ Faransé díẹ̀. Lọ wò ó bóyá iṣẹ́ ni àbí eré. Bó bá jẹ́ eré, mú un bọ̀." Faransé tèmi, ìwé kẹta ló tán sí.

Mo gun alùpùpù dé Tchamba, mo wọkọ̀ dé Sokodé. Lẹ́nu ọ̀nà, gardien tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n má fọwọ́ kan nǹkankan: "Tonton, on ne touche pas!" Mo ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú. Èmi tí mo ń fi igi lásán lé ejò lóko, mo wá ń rọra mí, kí èémí mi má baà bi nǹkan olówó ṣubú.

Yàrá tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ ọmọ náà wà. Ebè méje ló kọ sórí símẹ́ńtì, yẹ̀pẹ̀ pupa ilé wa gan-an. Ó kọ wọ́n dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò fi koríko dé ìkankan lórí, iná gúlóbù sì ń ta sí wọn látòkè. Èbù inú wọn á jinná! Koríko gbígbẹ wà nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tí wọ́n fi di àwọn ère amọ̀ wá. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi koríko dé ẹ̀kẹta lórí kí gardien tó figbe ta.

Ọmọ náà sáré wọlé. Mo ní, "Má bínú, ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe èmi."

"Bàbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Oko bàbá mi nìyẹn. Wọ́n kọ ebè tán, wọ́n lọ sí Lomé, wọn ò padà wá bò ó."

Mo rántí oko náà. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ló wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níbẹ̀, n kò bò ó, nítorí inú àbúrò mi tó fi í sílẹ̀ lọ ń bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko kúrò.

"Gbogbo ẹni tó wá ló ń ní 'c'est joli', pé ó rẹwà, wọ́n á lọ," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìkan ni ò lè wò ó níran. Wọ́n ní kí ẹ wá mú mi ni, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàtà Jímọ̀ lẹ wọ̀, ẹ sì ń wò mí bí ọlọ́pàá."

Nígbà tí mo délé, wọ́n yí mi ká. Mo ní iṣẹ́ ni.

"Iṣẹ́ wo?"

"Ó kọ ebè méje."

Ní Kambolé, ta ni yóò pe ebè kíkọ ní eré? Ibi tó kọ wọ́n sí, wọn ò bi mí, n kò sì sọ.